Ìpín Àwọn Tó Wà Níbi Iṣẹ́

Nínú yàrá àǹtí mi ní Springdale, ní Amẹ́ríkà níbí, kọ́bọ́ọ̀dù kan wà tí ẹ ò lè rí aṣọ tirẹ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹrù ẹlẹ́rù ló kún inú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé àwọn èèyàn wà níbẹ̀, ìwé ìrìnnà wà níbẹ̀, ìwé ilẹ̀ Ìbàdàn tí obìnrin kan ò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ rí wà níbẹ̀. Léèsì funfun kan wà nínú ọ̀rá, tí Mọ́mì Accokeek, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní Accokeek, ní òun fẹ́ kí wọ́n fi sin òun, torí kò dá a lójú pé àwọn ọmọ òun tí wọ́n bí síhìn-ín máa mọ èyí tó yẹ. Yẹtí wúrà màmá mi náà wà níbẹ̀, nínú ike kékeré tí wọ́n fi ń kó oògùn.

Àǹtí mi ni àbúrò ìyá mi. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, òun ló sì lọ sílé nígbà tí ìyá mi kú tí èmi ò lè lọ. Yẹtí yẹn ló mú bọ̀. Ìyá mi ti sọ fún un pé ọjọ́ tí mo bá ṣègbéyàwó ni kó fi sí mi létí lórúkọ òun. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogójì ọdún báyìí. Àǹtí mi a máa ní kí n ṣáà tètè ṣe é o, kí yẹtí má baà bẹ̀rẹ̀ sí í hu ewú. Èmi náà a ní kó máa bá mi fi adí pa á.

Kì í ṣe pé ó ń tọrọ ẹrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì ni òun fúnra rẹ̀ kí orúnkún tó dá a dúró, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa náà, ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù tàbí ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Tí wọ́n bá ti wọṣẹ́, fóònù wọn á wọ inú àpótí, ó di ìgbà tí wọ́n bá jáde. Tí wọ́n bá délé, oorun ni. Nítorí náà ẹni tó bá wà nílé ló ń bá ẹni tó wà níbi iṣẹ́ gba nǹkan. Bí wọ́n bá ń pín nǹkan ní ṣọ́ọ̀ṣì, àǹtí mi á na ọwọ́ gba tirẹ̀, á tún na ọwọ́ kejì: "Ẹ fún mi ní ti Mọ́mì Accokeek, ó wà níbi iṣẹ́." Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló máa bi í?

Ó ní ìwà kan tó máa ń bí mi nínú nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tó bá fẹ́ dá ẹrù èèyàn padà fún un, á ti na nǹkan náà sí i, ṣùgbọ́n á di apá kan rẹ̀ mú, á bèèrè pé, "Ṣé ẹ ti gbà á?" Tí ẹ bá kàn mi orí, kò ní fi sílẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ la ẹnu yín kí ẹ ní, "Mo ti gbà á." Ó ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́ òun. Oògùn tí o kò bá dúró títí o fi rí i pé aláìsàn gbé e mì, o ò tíì fún un.

Iṣẹ́ tèmi, kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ ìlànà fún. Abẹ́ ilé ńlá kan ní Mitchellville ni mo rẹ́ǹtì, ibẹ̀ náà ni ọ́fíìsì mi. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ló gbà mí, àwọn ọmọ wa ló dá a sílẹ̀, wọ́n ń báni fi owó ránṣẹ́ sílé. Èmi ni mo sọ fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì nípa wọn, wọ́n sì ń lò ó dáadáa. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ ní àwọn fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ́kọ́ lò wọ́n. Kí kálukú wá gba tókìn, ìyẹn owó orí ẹ̀rọ kan tí àwa fúnra wa dá, lọ́fẹ̀ẹ́. Airdrop ni wọ́n ń pe irú pínpín bẹ́ẹ̀. Èèyàn kọ́ ló ń pín in, ìlànà tí a kọ sórí ẹ̀rọ ló ń pín in. Smart contract lorúkọ rẹ̀, èmi a máa pè é ní apínǹkan. Tí a bá ti gbé e síta tí a tì í, ó parí. Kò sẹ́ni tó lè yí i padà mọ́, títí kan èmi tí mo kọ ọ́.

Ohun tó ń ba irú pínpín yẹn jẹ́ ni àwọn tó ń gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ti bu ìrẹsì níbi ìkómọ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Tó o bá kọ́kọ́ na abọ́ sí èèyàn kó o tó ṣàmì sí i, kó o tó yíjú padà, ọwọ́ kejì ti wà níwájú ẹ. Àwọn olè orí ẹ̀rọ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an: nígbà tí apínǹkan bá ṣì ń na ìpín sí wọn, wọ́n á ti tún padà wá bèèrè kó tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ti gbà. Nítorí náà mo kọ ọ́ pé kó kọ́kọ́ ṣàmì ná, kó tó fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ìyẹn rọrùn.

Èyí tó le ni pé apínǹkan ò mọ èèyàn. Wọ́lẹ́ẹ̀tì ló mọ̀, ìyẹn àpò tí kálukú ń ṣí sórí fóònù láti gba tókìn sí. Ẹnì kan ṣoṣo sì lè ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì tó bá ti wù ú, kó máa pààrọ̀ fìlà wọlé. Ọ̀gá mi rí irú wọn nígbà tí a ń dán an wò, àyà rẹ̀ sì já. Ọmọkùnrin kan ni, mo jù ú lọ, àǹtí ló ń pè mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí àwọn olè yìí."

Mo wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́lẹ́ẹ̀tì kankan ò lè ṣe ohunkóhun láìjẹ́ pé owó díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tó máa fi rìn, bíi mọ́tò tó gbọ́dọ̀ ní epo. Mo ní kí kọ̀ǹpútà wo ẹni tó ra epo fún wọ́lẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ kan bá ra epo fún wọ́lẹ́ẹ̀tì púpọ̀, ẹnì kan ni gbogbo wọn. Kó fún èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí, kó sì sọ fún àwọn yòókù pé, "Ẹ ti gba ìpín yín." Lẹ́nu àǹtí mi ni mo ti mú ọ̀rọ̀ yẹn, mo rò pé ó máa jọ ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ju "Olè" lọ. Ọ̀gá mi yìn mí, inú mi dùn. Ta ni yóò máa ra epo fún mọ́tò àwọn ẹlòmíì láìgba kọ́bọ̀? Kò wá sí mi lọ́kàn pé mo mọ ẹni tó lè ṣe é, mo sì ń jẹun nílé rẹ̀ ní gbogbo Sọ́ńdè.

Àṣé àǹtí mi ti jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ rẹ̀, ó ń ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì fún àwọn obìnrin. Kò fẹ́ yọ mí lẹ́nu. Ó fẹ́ kí n wá bá a kí ẹnu yà mí. Ó kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀ láti fi kọ́ ọ, ó ṣi í ṣe, ó tún un ṣe, títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ó wá ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá jáde níbi iṣẹ́, ó ń bi wọ́n léèrè ohun tí ẹ̀rọ ń bèèrè, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ní kí wọ́n ra epo, ó rà á fún gbogbo wọn. Kí ni ìyẹn? Kò tó owó gúgúrú.

Ọjọ́ tí pínpín bẹ̀rẹ̀, òjò ń rọ̀, Mọ́mì Accokeek sì yà sí Springdale láti ibi iṣẹ́. Òun àti àǹtí mi ti jọ ṣiṣẹ́ alẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ju àǹtí mi lọ díẹ̀, kò sì sí ohun tí wọn ò mọ̀ nípa ara wọn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àǹtí mi ló ń wa mọ́tò lọ sí Accokeek, nínú igbó yẹn, kó lè máa sùn tì í níbẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ sórí àga, ó ní kí àǹtí mi jẹ́ kí òun rí nǹkan tó ń kó gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì lọ́kàn.

Èmi wà ní kíṣìnì, mò ń gbé ọbẹ̀ kaná. Mo gbọ́ tí àǹtí mi ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tiyín ni màá kọ́kọ́ gbà." Ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, Mọ́mì Accokeek ka ohun tí fóònù kọ síta: "Ẹ ti gba ìpín yín."

Ó ní, "Ta ló gbà á?"

Àǹtí mi ní bóyá òun ṣi í tẹ̀. Ó tẹ ti ẹlòmíì, ó tẹ ti ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Nígbà tó wá tẹ tirẹ̀, nítorí kò mọ ohun tó lè ṣe mọ́, fóònù dún, tókìn wọlé. Tirẹ̀ nìkan ló wọlé. Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n àǹtí mi ò dúró gbọ́ mi. Ohun tó ṣe ni ohun tí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n máa retí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dààmú. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi fún yín. Àwọn tó kù, màá wá nǹkan fi dí tiwọn."

Mọ́mì Accokeek gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àga. Ó wọ bàtà rẹ̀. Ó ní, "Bí kì í bá ṣe pé o gbà á, kí ló dé tí o fi fẹ́ fi tìẹ dí i?"

Kò pariwo. Ìbá pariwo ni, à bá jọ jà á tán níbẹ̀. Ó dúpẹ́ fún omi tí a fún un mu, ó sì wọ inú òjò lọ sídìí mọ́tò rẹ̀. Àǹtí mi ṣì na fóònù síwájú, bí ẹni pé ẹnì kan máa padà wá gbà á.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé tókìn yẹn ò tó ohun tí ọmọ aráyé ń jà sí. Iye rẹ̀ ò lè ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí iye. Àwọn kan fi ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn ṣí i lórí fóònù tiwọn, wọ́n rí i pé wọ́n ti gba ìpín àwọn. Kí Sọ́ńdè tó pé, gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ti gbọ́ pé Mọ́mì Springdale, ìyẹn àǹtí mi, ló gba ìpín gbogbo èèyàn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ pè é pé òun ń gbàdúrà fún un.

Mo pe ọ̀gá mi. Mo ní kó ṣí i fún wọn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, a ti tì í, ẹ̀yin gan-an lẹ tì í." Mo ní kó san án fún wọn láti ibòmíì. Ó ní tí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn olè tó ní ọgọ́rùn-ún wọ́lẹ́ẹ̀tì máa ní àǹtí àwọn ló bá àwọn ṣí i. Mo ní kó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, kó ní àǹtí mi ò jalè. Ó ní agbẹjọ́rò àwọn ò ní gbà. Mo bú u. Mo ní ìwọ yìí, kò jọ pé obìnrin ló bí ẹ. Ó ní obìnrin ló bí òun, mà, ìyá òun wà ní Abẹ́òkúta, fóònù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọmọ àbúrò rẹ̀, bóyá apínǹkan ti ti ìyá òun náà mọ́ta. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò parọ́. Tó bá jẹ́ èmi ni ọ̀gá, ohun tí màá sọ nìyẹn.

Mo wá pinnu pé màá lọ bá àwọn obìnrin náà fúnra mi. Lẹ́yìn ìsìn, nínú họ́ọ̀lù ìsàlẹ̀, wọ́n fún mi láyè. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣàlàyé: wọ́lẹ́ẹ̀tì, epo, ẹni tó ra epo. Mo ní ẹ̀rọ rò pé ẹnì kan ni gbogbo yín, kò sẹ́ni tó gba nǹkan yín, kò kúrò nínú àpò ilé-iṣẹ́ rárá. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Àǹtí mi jókòó lẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀.

Ìyá ẹgbẹ́ ní, "Ó dáa. Ṣé ìwọ lo kọ nǹkan náà?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

"Àbúrò ìyá ẹ sì ni Mọ́mì Springdale?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó wo àwọn yòókù. Ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù kún ẹ." Ẹnì kan bá mi mú kóòtù mi, òmíràn fún mi ní ìrẹsì kí n máa gbé lọ sílé. Tí àwọn èèyàn wa bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ báyẹn, wọ́n ti dá ẹjọ́ tán, o sì ti jẹ̀bi. Wọn ò tíì rí ẹni tó bá a jalè náà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn wọlé wá sọ fún wọn pé ọmọ inú ilé ló ní kọ́kọ́rọ́.

Mo fi mọ́tò gbé àǹtí mi lọ sílé. Mò ń bínú, mò ń sọ̀rọ̀ nípa ìwà wọn, nípa gbogbo aṣọ wọn tó ti bá wọn lọ̀, gbogbo ọmọ wọn tó ti bá wọn gbé. Ó ní kí n má bú wọn. Ó ní, "Àwọn náà ò mọ̀. Kí lo fẹ́ kí wọ́n gbàgbọ́, èmi àbí ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn kà?"

Ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi rò pé á rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń pín èso ìkórè, ó gba tirẹ̀, ọwọ́ kejì náà sì jáde fúnra rẹ̀ bó ṣe máa ń jáde: "Ẹ fún mi ní ti Mọ́mì Accokeek, ó wà níbi iṣẹ́." Obìnrin tó ń pín in wo ọwọ́ náà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wá gbà á fúnra rẹ̀, mà." Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ó tilẹ̀ tẹ orúnkún díẹ̀. Àǹtí mi dá ọwọ́ náà padà sínú ìpéle rẹ̀. Nínú mọ́tò, ó ní, "Ikú yá j'ẹ̀sín."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pe gbogbo wọn pé kí wọ́n wá kó ẹrù wọn. Ó ní orúnkún ń dun òun, òun fẹ́ palẹ̀ yàrá mọ́. Wọ́n wá lọ́jọ́ Sátidé, mọ́tò ń dúró, mọ́tò ń lọ. Ó ti to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ, tábìlì tó fi ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì fún wọn. Ó fún kálukú ní mọ́ọ̀tì. Ó bèèrè àwọn ọmọ wọn. Ó na ẹrù sí wọn, ó di apá kan mú. "Ṣé ẹ ti gbà á?" Wọ́n ní, "Mo ti gbà á." Àwọn kan ò lè wò ó lójú. Obìnrin tó ní ìwé ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní òun ò mọ ibi tí òun máa fi í sí. Ṣùgbọ́n ó gbé e lọ.

Mọ́mì Accokeek ló dé kẹ́yìn. Èmi rò pé tó bá rí léèsì yẹn lórí tábìlì, inú rẹ̀ máa yọ́. Mo dúró ní kíṣìnì, mò ń bẹ Ọlọ́run. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, ọ̀kan di ọ̀rá mú lápá ìhín, èkejì lápá ọ̀hún. Àǹtí mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti gbà á?"

Ó ní, "Mo ti gbà á." Ó yí padà, ó lọ. Ta ló máa fi sin ín báyìí, mi ò mọ̀. Bóyá òun náà ò mọ̀.

Mo rò pé ó ti tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìgò mọ́ọ̀tì. Àǹtí mi wọ yàrá lọ, ó sì jáde pẹ̀lú ike oògùn kékeré lọ́wọ́. Ó na án sí mi.

Mo ní, "Àǹtí, èmi kọ́ ni mo ní kí ẹ palẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa fi sí mi létí."

Ó ní, "Màmá ẹ fi í sí ọwọ́ ẹni tí wọ́n lè fi nǹkan sí lọ́wọ́. Gbà á. Ẹlòmíì á bá ẹ fi sí etí."

Mo ní mi ò gbà. Mo sunkún, mo bínú, mo ní kó jù ú sínú ìdọ̀tí, mo sọ̀rọ̀ tí èèyàn ò gbọdọ̀ sọ sí àgbà. Ó kàn dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní nínà sí mi. Mo mọ̀ pé orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, kò sì ní jókòó títí màá fi gbà á. Níkẹyìn, mo na ọwọ́. Ó gbé ike náà lé e, ó sì di apá kan rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ṣé o ti gbà á?"

Mo mi orí. Kò fi sílẹ̀.

Mo ní, "Mo ti gbà á, mà." Ó wá fi sílẹ̀, ó sì lọ jókòó.